Iná Tí Wọ́n Tò Sílẹ̀ ní Ahéré Luovos

Fìlà Halvard ló wà lórí tábìlì mi láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ó ṣì tutù rinrin, omi ara rẹ̀ sì ti ba aṣọ tábìlì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ jẹ́. Ìwọ̀ ìyẹ́ méjìlá ló gún mọ́ ọn yíká, àwọn ìwọ̀ kéékèèké tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú ṣe bí eṣinṣin kí ẹja lè ṣì wọ́n gbé mì. Gbogbo wa jókòó yí i ká, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.

"Odò ló gbé e lọ," Oddgeir wí. "Ẹ̀gbẹ́ ibú ìsàlẹ̀ ni mo ti rí fìlà yìí lánàá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Kí la tún ń wò?"

"Odò?" Jostein gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú lé àga, ó nàka sí Clive. "Odò ò lọ́wọ́ tó fi ń ti èèyàn. Ẹ bi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yìí léèrè. Àwọn méjì ló jọ jáde, ẹnì kan ló padà wálé. Ẹ wo bí ojú ẹ̀ ṣe fà ya!"

"Ẹ̀ka igi ló fà mí lójú ya! Ẹ̀ẹ̀melòó ni kí n sọ ọ́?"

"Máa sọ ọ́ lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Ilẹ̀ kì í ṣú níbí lóṣù yìí," mo dá wọn lóhùn. "Ẹ panu mọ́, ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí ráyè ronú."

Èmi Eilert ni mo ń tọ́jú ilé àlejò Ravdo, níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti pin ní Finnmark, ní ìpẹ̀kun àríwá Norway, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún kọkànlélógún rèé tí mo ti ń ta kọfí àti ìwé àṣẹ ìpẹja fún àwọn ará gúúsù tó ń wá fi ẹ̀fọn jẹ ara wọn níyà. N kò rí irú ọ̀sẹ̀ yẹn rí. Ní ọ̀sán Ìṣẹ́gun, òjò rọ̀ sórí yìnyín òkè, odò Ravdo kún, ó sì wó afárá kan ṣoṣo tí a ní, ó gbé e lọ. Lẹ́yìn náà ni kùrukùru bolẹ̀. Mọ́tò ò lè kọjá, hẹlikọ́pítà ò lè fò. Àwa márùn-ún ló há sí ìhà ibí odò, ẹnì kẹfà la sì ń wá.

Ẹnì kẹfà yẹn ni Halvard, olùkọ́ kan láti Trondheim. Òun, Jostein tó ń ta bíríkì ní Bergen, àti Clive tó ń tún dùrù ṣe ní Oslo, ni wọ́n jọ wa mọ́tò kan wá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án, odò mẹ́rin, wọn ò sì gba amọ̀nà kankan. Odindi ọdún kan ni Halvard fi ṣètò ìrìn àjò náà. Lọ́jọ́ kẹfà, òwúrọ̀ Ìṣẹ́gun kí òjò tó dé, òun àti Clive rìn lọ sí ahéré Luovos, ilé onígi kan tí ẹnikẹ́ni lè sùn sí, kìlómítà mẹ́fà sí ibí. Jostein tó ti fẹsẹ̀ rọ́ dúró sọ́dọ̀ mi. Clive padà dé ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Halvard ò dé títí di ọjọ́ kejì.

Obìnrin tí mo ní kí wọ́n jẹ́ kó ronú ni Risten Somby, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láti Karasjok, tó gba ìsinmi wá pẹja lọ́dọ̀ mi. Obìnrin kúkurú ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Tó bá ń ronú, ẹran àgbọ̀nrín gbígbẹ ló máa ń fi ọ̀bẹ gé sẹ́nu, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti gun òkè ẹ̀yìn ilé lọ, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, ó sì ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ní kí n dáwọ́ wíwá dúró," ó sọ fún wa. "Wọ́n ní odò ló gbé e, ìsàlẹ̀ ni wọ́n á ti rí òkú. Wọ́n ní kí n ti ẹni tí mo bá fura sí mọ́ yàrá títí hẹlikọ́pítà á fi dé."

"Clive nìyẹn," Jostein wí.

"Bí Halvard bá wà nínú odò, ó ti kú, kò sì sí ìkánjú kankan mọ́." Risten gé ẹran sẹ́nu. "Àmọ́ bí kò bá sí níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó ṣì máa mí. Ọjọ́ kejì rèé nínú òtútù. Kò ní rí àárọ̀ ọ̀la."

Oddgeir mi orí. Oddgeir ni amọ̀nà àdúgbò wa, ilé rẹ̀ ò ju kìlómítà kan lọ sí tèmi. Ọmọ gidi ni, ẹni tí kì í jẹ́ kí n fọwọ́ ara mi la igi. "Àǹtí Risten, ẹ má dá ara yín láàmú. Mo ti gba ọ̀nà òkè lọ láfẹ̀mọ́júmọ́ àná, kí gbogbo wa tó jáde. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀gbun, mo wo adágún òkè. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ta ló mọ àyíká wa bíi tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la tẹ̀ lé lánàá tí a fi forí lé ìsàlẹ̀ odò.

"Ó dáa," Risten wí. "Clive, dìde. Ká lọ."

*

Yàrá tí mo ń kó ọ̀dùnkún sí ló ti fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó sì ní kí èmi náà wá jókòó bí ẹlẹ́rìí. Kò sí fèrèsé níbẹ̀. Clive jókòó lórí àpò, orí rẹ̀ ń kan àjà.

"Ọ̀gá, wọ́n ti di ẹrù yìí rù mí tán."

"Ta ló di ẹrù rù ọ́? Irọ́ tí ò ń pa ni. Wákàtí méjì ni láti Luovos dé ibí. O ní agogo méjìlá lo kúrò, agogo mẹ́rin lo dé. Níbo ni wákàtí méjì yòókù wọlé sí?"

Clive wò mí, ó sì yára wo ilẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá Eilert ò ní bù ọ́ jẹ," Risten wí. "Sọ̀rọ̀."

"Mo pẹja," ó wí kẹ́lẹ́.

"Níbo?"

"Ibú ìsàlẹ̀."

Inú bí mi. Ìwé àṣẹ tí mo tà fún wọn ò kan ibú ìsàlẹ̀ rárá! Èmi fúnra mi ni mo fi bírò yí ibi tí wọ́n lè pẹja ká fún wọn. "Ìwọ Clive? O lọ jí ẹja pa? Lójú mi báyìí?"

"N ò rí ẹyọ kan pa, bàbá, ẹ má bínú. Ohun tí mo bá Halvard jà lé lórí nìyẹn. Gbogbo nǹkan ló ti kọ sílẹ̀. Agogo báyìí, ẹ pẹja. Agogo báyìí, ẹ jẹ búrẹ́dì. Mo ní ká lọ sí ibú ìsàlẹ̀, ó ní kò sí nínú ètò. Mo ní ètò rẹ ti sú mi. A jọ jáde ní ahéré, òun gba ọ̀nà òkè lọ sí adágún, èmi gba ìsàlẹ̀. Mo wà ní ibú yẹn títí omi fi lé mi kúrò lágogo mẹ́ta."

Risten dá ọ̀bẹ dúró. "Fìlà ńkọ́?"

"Fìlà kankan ò sí níbẹ̀. Ibi tí Oddgeir ti rí i gan-an ni mo jókòó sí."

"Ó sì fẹ́ kí wọ́n pè é ní apànìyàn ju kí wọ́n mọ̀ pé ó pẹja níbi tí kò ní àṣẹ," mo wí.

"Ojú ń tì mí ni, bàbá."

Mo gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá ti bá àwọn apẹja gbé á mọ̀ pé irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́.

"Nígbà tí ẹ jáde ní ahéré," Risten bi í, "báwo ni inú ibẹ̀ ṣe rí?"

"Bí ilé àpọ́n. Iná ń jó nínú ààrò. Halvard ti igi ńlá kan bọ̀ ọ́, kí ilé lè gbóná dè é títí agogo márùn-ún. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wà lórí okùn. Àpò ìsùn rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Jọ́tà tó kọ ètò sí wà lórí tábìlì."

"Mo wọ ahéré náà lánàá nígbà tí à ń wá a. Kò sí jọ́tà kankan lórí tábìlì."

"Ta ló máa jí jọ́tà? Èmi àti Jostein ní ẹ̀dà tiwa. Ó fún wa kí ìkankan nínú wa má bàa rí àwáwí."

*

Inú àpò búrẹ́dì ni ẹ̀dà Jostein wà, òróró ti ta sí i. Risten tẹ́ ẹ sórí tábìlì. N kò rí irú ètò bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Halvard kọ ibi tí wọ́n á ti ra epo mọ́tò, ó kọ iye kìlómítà tó wà títí dé ibòmíràn tí epo wà. Ó kọ irú ìwọ̀ ìyẹ́ tí wọ́n á lò ní odò kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí wọ́n á ti fi oògùn fọ ṣòkòtò rọ́bà wọn kí wọ́n má bàa kó àrùn ẹja láti odò kan dé òmíràn. Lábẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó kọ ọ́ báyìí: *Agogo méjìlá, adágún òkè. Ẹ má dé ibú ìsàlẹ̀: a ò ní àṣẹ, omi sì lè kún. Agogo márùn-ún, ahéré, kọfí. Ọjọ́rú, agogo mẹ́wàá àárọ̀, Ravdo. Tí n kò bá dé títí agogo méjìlá, ẹ wá mi.*

"Ṣé ó máa ń yà kúrò nínú ètò?" Risten bi Jostein.

"Halvard? Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, ó fi agogo díwọ̀n iye ìṣẹ́jú tó máa fi fẹnu ko ìyàwó lẹ́nu."

"Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ló rọ́?" Kí ó tó dáhùn, Risten ti tẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀. Jostein lọgun débi pé ológbò mi sá bọ́ sábẹ́ àga.

"Ẹ máa bínú. Ó yẹ kí n wò ó."

"Ojú ni kẹ́ ẹ fi wò ó, kì í ṣe kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́!"

Risten ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Àkọlé ni Halvard kọ síbẹ̀, ó fi rúlà fa ìlà sí i lábẹ́: *Ọjọ́ Mẹ́sàn-án, Odò Mẹ́rin, Láìsí Amọ̀nà. Ìwé kékeré fún ẹni tó fẹ́ dá lọ.*

"Ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde nígbà òtútù," Jostein ṣàlàyé. "Máàpù wà nínú rẹ̀, àti adágún òkè."

Risten wo ìta. Oddgeir ló wà níta, ó ń la igi fún mi, kùrukùru sì bò ó dé èjìká. Mo rántí pé ọdún méjìlá ló ti ń mú àlejò lọ sí adágún yẹn, àti pé kò ní iṣẹ́ mìíràn. Kíá ni mo lé èrò náà kúrò lọ́kàn. Mo mọ ìyá ọmọ náà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀.

"Ta ló mọ̀ nípa ìwé yìí?" Risten bi mí.

Gbogbo wa la mọ̀. Alẹ́ Ajé ni Halvard fi jọ́tà rẹ̀ han gbogbo wa lórí ọbẹ̀ ẹran, Oddgeir wà níbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ ńlá ni. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ẹ̀dà wà. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń ṣe mí bí ẹni pé èmi ni mo ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

"Ìyẹn ò tó," Risten wí. "Ẹni tó ń bínú kì í ṣe ọ̀daràn. Ó ní ilé lòun wà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ń lẹ ọkọ̀ ojú omi. Ó ní òun ò wọ ahéré Luovos láti ìgbà Àjíǹde. Kí ni mo ní tí mo fi máa sọ pé irọ́ ni?"

*

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agogo mọ́kànlá nígbà tí Clive ní òtútù ń pa òun. A ti jẹ́ kó kúrò ní yàrá ọ̀dùnkún. Risten ní kó dáná sí ààrò onírin tó wà ní pálọ̀.

Láìpẹ́, èéfín gba gbogbo ilé. Jostein ń wúkọ́, ó ń pariwo pé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ pa gbogbo wa kó lè parí iṣẹ́. Mo sáré wọlé. Ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin náà ṣe? Ó to igi ńlá mẹ́ta lé eérú àná, ó ká odindi ìwé ìròyìn mi tí n kò tíì kà sábẹ́ rẹ̀, ó sì gbàgbé ihò èéfín ní títì.

"Ẹni ọdún mélòó ni ọ́?" mo bi í.

"Ní Oslo, bọ́tìnì la máa ń tẹ̀!"

Mo yí padà kí n lè ṣí fèrèsé, mo sì rí Risten. Ó dúró sí àárín èéfín, omi ń dà lójú rẹ̀, kò mira. Ọ̀bẹ ẹran wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹran ti bọ́ sílẹ̀.

"Orí mi mà kú o," ó wí. "Mo ṣí i lánàá. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ṣí ilẹ̀kùn ààrò náà."

"Ààrò wo?"

"Ẹ pe gbogbo wọn wá, bọ̀ọ̀dá. Ẹ pe Oddgeir náà."

*

A jókòó yí fìlà ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Èéfín ṣì ń ta wá lójú, kùrukùru sì lẹ̀ mọ́ fèrèsé. Ó ṣe mí bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ilé ò tó gbogbo wa mí.

"Lánàá," Risten bẹ̀rẹ̀, "mo wọ ahéré Luovos, mo sì ṣí ààrò kí n lè mọ̀ bóyá eérú ṣì gbóná. Kò sí eérú. Wọ́n ti kó o dànù. Èèpo igi gbígbẹ wà nísàlẹ̀, igi wẹ́wẹ́ wà lórí rẹ̀, igi ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Páálí ìṣáná wà lórí ààrò, ẹyọ kan yọ orí jáde. Mo pa ilẹ̀kùn ààrò dé, mo bá tèmi lọ. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ló fà á, Bọ̀ọ̀dá Eilert?"

"Kò sí ohun àrà níbẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa níbí. Ẹni tó bá kẹ́yìn jáde ní ahéré á kó eérú, á to iná sílẹ̀ de ẹni tó ń bọ̀, á fa ẹyọ ìṣáná kan síta nítorí ẹni tí òtútù ti mú ìka rẹ̀ kú lè má lè ṣí páálí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá mi nà mí láyé. Ọjọ́ tí mo jáde ní ahéré láìto iná ni.

"Iná ń jó nígbà tí Clive àti Halvard jáde," Risten wí. "Nítorí náà, ẹnì kan wọlé lẹ́yìn wọn, ó kó eérú, ó to iná. Ta ni?"

"Clive lè máa purọ́," Jostein wí.

"Ẹ wo pálọ̀, kẹ́ ẹ sọ fún mi bóyá Clive lè to iná yẹn."

Jostein wo èéfín tó ṣì ń rìn lábẹ́ àjà.

"Halvard fúnra rẹ̀ ńkọ́?" Oddgeir bi í.

"Ẹni tí òjò pa tó wọlé ní agogo márùn-ún, iná ló máa dá. Kì í to iná sílẹ̀ kó tún jáde sínú òjò. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí okùn. Halvard ò padà síbẹ̀." Ó na ìka mẹ́ta sókè. "Ẹni mẹ́ta ní ìhà ibí odò ni ìyá wọn kọ́ ní iná yẹn: èmi, Bọ̀ọ̀dá Eilert, àti Oddgeir. Èmi wà nínú odò lẹ́yìn ilé yìí títí òjò fi lé mi wọlé, fèrèsé ìdáná sì dojú kọ mí, ẹni tó wà níbẹ̀ ń rí mi. Ó ku ẹni méjì."

Ó wò mí.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti rí béárì lójúkojú, ṣùgbọ́n oòógùn tó bò mí lọ́jọ́ yẹn ju ti béárì lọ. Mo mọ̀ pé n kò ṣe nǹkan kan. Síbẹ̀, mo ń wá ọ̀nà tí mo lè gbà jáde, mo sì rántí pé afárá ò sí.

"Ẹ fi í sílẹ̀!" Jostein ké. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti agogo mọ́kànlá àárọ̀ títí gbogbo wa fi sùn, iwájú mi ló jókòó sí, tó ń bó ọ̀dùnkún, tó ń ròyìn ikùn ológbò rẹ̀ fún mi. Mo gbàdúrà kí wọ́n wá jí i gbé, wọn ò wá."

Ó ku ẹnì kan. Kò sẹ́ni tó yíjú sí i. Gbogbo wa wo fìlà.

"Kò sí ẹ̀rí níbẹ̀," Oddgeir wí. "Igi wẹ́wẹ́ lásán."

"Oddgeir, o ní o ò wọ ahéré náà láti ìgbà Àjíǹde."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O ní o wo ọ̀nà òkè. O ní kò sí nǹkan. Ìwọ lo mú wa lọ sí ìsàlẹ̀, ìwọ lo sì rí fìlà níbi tí kò sí lágogo mẹ́ta. O wọ ahéré lọ mú jọ́tà, nítorí o rò pé ẹyọ kan ṣoṣo ni. Ọ̀rọ̀ ìyẹn yé mi." Risten rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀. "Àwọn àgbà ní èéfín nìwà, rírú ní í rú. Ọwọ́ rẹ ò gbàgbé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Àmọ́ ohun kan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ń sá fún ẹ̀ṣẹ̀ kì í dúró kó eérú. Iná yẹn gba àkókò. Ta lo tò ó fún?"

Oddgeir ń fi èékánná họ etí tábìlì.

"A kì í to iná de òkú, Oddgeir. Ta lo tò ó fún?"

Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

"Ó pè mí," ó wí. "Àǹtí, ó pè mí. Mo pàdé rẹ̀ lọ́nà òkè, mo ní kó yọ adágún kúrò nínú ìwé náà, adágún nìkan ṣoṣo, ó ní ìwé tí kò pé kì í ṣe ìwé. Mo fa máàpù lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tì í. N ò mọ̀ pé ọ̀gbun sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Mo pè é, kò dáhùn. Mo mú fìlà rẹ̀. Mo ti ń lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ mi ló pè."

"O sì lọ."

"Mo lọ. Ẹ̀rù bà mí. Bó bá jáde, ó máa sọ. Bí kò bá jáde..." Kò parí ẹ̀. "Mo wọ ahéré nígbà tí iná ibẹ̀ ti kú. Mo ní tó bá rí ọ̀nà rápálá jáde, á wá síbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á ti kú."

Ọmọ tí mo kọ́ ní ìwọ̀ jíjù! Mo fẹ́ gbá a létí, mo sì fẹ́ gbá a mọ́ra. N kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sé ara rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó sì ń bá mi la igi.

Risten ti wọ bàtà. "Mú okùn rẹ," ó wí fún un. "Ìwọ lo mọ ọ̀gbun náà. Ìwọ lo máa ṣáájú."

*

Àwa mẹ́rin la lọ. Oddgeir ló ṣáájú, okùn lọ́rùn rẹ̀, fìlà Halvard lọ́wọ́ rẹ̀. Risten tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Clive, èmi ni mo kẹ́yìn. Kùrukùru pọ̀ débi pé ẹ̀yìn Clive nìkan ni mo ń rí. Wákàtí kan ààbọ̀ la fi rìn. Nínú ọkàn mi, mo ti ń ronú bí a ṣe máa gbé òkú sọdá odò tí kò ní afárá.

Lójijì, Oddgeir dúró. Gbogbo wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wa.

"Kí ló dé?" Risten bi í.

Ó ń fi imú fa afẹ́fẹ́. Èmi náà fà á, mo sì gbọ́ ọ: òórùn èèpo igi tó ń jó.

N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, èmi arúgbó ọlọ́dún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Nígbà tí ahéré yọ, èéfín ń jáde lórí rẹ̀, ó ń lọ sókè tààrà. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé.

Halvard wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, àpò ìsùn wé mọ́ ọn lára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yí sí ibi tí kò yẹ kí ẹsẹ̀ yí sí, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn lórí. Àwọn ìka rẹ̀ ti dúdú, wọn ò ká mọ́. Clive kúnlẹ̀ tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé.

"Ẹ pẹ́," Halvard wí. "Mo kọ agogo méjìlá Ọjọ́rú."

"Má bínú," Clive wí. "Ètò rẹ dáa. Ètò rẹ dáa gan-an."

"Àárọ̀ òní ni mo dé ibí. Orúnkún ni mo fi rápálá." Ó wò mí. "Ìka mi ò ṣiṣẹ́ mọ́. Eyín ni mo fi fa ìṣáná. Ká ní mo ní láti la igi ni, ẹ ò bá tí bá mi láàyè. Ta ló to iná yìí? Mo fẹ́ kọ ọpẹ́ sínú ìwé ahéré, kò sì sí orúkọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ lẹ́yìn tiwa."

Risten mú ìwé ahéré lórí pẹpẹ, ìwé tí gbogbo ẹni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí Oddgeir dúró sí, ó sì na pẹ́ńsùlù sí i.

"Kọ orúkọ rẹ. Kọ ọjọ́ náà."

Ó kọ ọ́. Risten gbé ìwé náà wá fún Halvard. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Òun ló tì mí," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," Risten dáhùn. "Òun náà ló to iná."

Igi ń ta pàràpàrà nínú ààrò. Oddgeir ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà, fìlà wà láyà rẹ̀, kùrukùru ń rọ́ wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò wọlé, kò sì lọ.

"Ẹ ní kó wọlé," Halvard wí níkẹyìn. "Kó sì ti ilẹ̀kùn. Òtútù ń wọlé."